Oògùn Ojú tí Bridget Fi Ránṣẹ́ sí Ọ̀ka

Kẹ́míìsì Bridget wà ní Ìkàrẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ugbe, láàárín ilé aránṣọ kan àti ìsọ̀ àwọn tí ń jó ilẹ̀kùn irin. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, a kì í rí eruku lórí pẹpẹ rẹ̀, aṣọ funfun tí obìnrin náà máa ń gbé wọ̀ lé aṣọ rẹ̀ kì í sì í ní àbàwọ́n. Nọ́ọ̀sì ni àwọn oníbàárà ń pè é. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nígbà èwe rẹ̀, kí ó tó gba ìwé àṣẹ láti máa ta oògùn. Kò pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì rí, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má pe òun bẹ́ẹ̀.

Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó fi í sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìyá wọn kú nígbà tí Bridget ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró ti wà nílé ọkọ nígbà náà, ní Ọ̀ka tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ó mú àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì fi iṣẹ́ gàrí yíyan tọ́ ọ títí ó fi dá dúró. Bridget fúnra rẹ̀ a máa sọ pé èéfín ni òun fi kàwé.

Títí di òní ni Àwẹ̀ró ń yan gàrí. Àtíbàbà kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè ní Ọ̀ka, tí òun àti àwọn obìnrin mélòó kan jọ ń lò. Bí wọ́n bá ti fi jáákì fún omi ẹ̀gẹ́ tán, wọn a jọ̀ ọ́, wọn a dà á sínú agbada gbígbóná, wọn a sì máa fi awẹ́ igbá rò ó láìsinmi. Gàrí tí a bá gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ yóò di kókó tàbí kí ó jóná. Nítorí náà, ẹni tó ń yan gàrí kò lè sá fún èéfín. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá darí èéfín sí, ibẹ̀ ni yóò bá a. Ojú wọn a pọ́n, a máa yún wọn, a sì máa ṣomi.

Nítorí ojú pípọ́n yìí ni Bridget ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn ránṣẹ́. Ìgo kékeré kan ni, oògùn tí a ń kán sójú, ọ̀kan lára àwọn tí a ń pè ní sitẹ́rọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ ọjà, Sàídì awakọ̀ á yà sí kẹ́míìsì, á gbà á, á sì gbé e dé àtíbàbà. Ìwé inú páálí rẹ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, àfi bí dókítà bá ń yẹ ojú onítọ̀hún wò. Bridget ka ìwé náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn tó kọ ọ́ kò mọ èéfín gàrí.

Oògùn náà sì ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kán an ní àárọ̀, ojú á ti funfun kí agbada àkọ́kọ́ tó sọ̀. Kí ó má bàa tán kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé, wọ́n fi í sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó dáná, gbogbo wọn á jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn, wọn á gbójú sókè, Àwẹ̀ró á sì máa kán an fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti kán ti gbogbo wọn tán, Rùkáyàt tí agbada rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ á kán ti Àwẹ̀ró fún un. Wọn á ṣàdúrà fún Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìpalára tó dé, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbà á.

“Ìyá Pius, ìgbéraga ti wọ̀ yín o,” ni Rùkáyàt sọ fún Àwẹ̀ró ní àárọ̀ ọjọ́ kan. “Ó pẹ́ tí mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò dá mi lóhùn.”

“N kò rí ọ.”

“Pẹ̀lú bí mo ṣe sanra tó yìí?”

“Sísanra kọ́. Ìwọ ni ò ń dúró bí olè.”

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, Àwẹ̀ró yí padà láti fa igi síná, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá abọ́ ńlá tí Rùkáyàt kó ẹ̀gẹ́ tó ti jọ̀ sí. Gbogbo rẹ̀ dà sínú eérú. Abọ́ náà wà ní apá òsì rẹ̀, ní gbangba. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Rùkáyàt na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú òsì Àwẹ̀ró.

“Ìyá Pius, ẹ wo iwájú yín gan-an. Ìka mélòó ni mo nà yìí?”

“Ìka wo?”

Sàídì ni ó mú ìròyìn náà dé Ìkàrẹ́. Bridget ti ṣọ́ọ̀bù, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà tó rí wọn, Dókítà Ògúnwọlé, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wo aṣọ funfun Bridget, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀,” ó sì gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tirẹ̀. Ó wọn ìfúnpá ojú Àwẹ̀ró. Ó fi iná wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi í léèrè pé, “Màmá, kí ni ẹ ti ń kán sójú?”

Àwẹ̀ró yíjú sí àbúrò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá tó fẹ́ fi ọmọ tó yege han àlejò. Kí ó tó la ẹnu, Bridget ti dáhùn.

“Omi tútù lásán ni wọ́n fi ń bọ́jú, Dókítà.”

Dókítà náà ní àrùn tí wọ́n ń pè ní gíláúkómà ni. Ó fa bébà kan sún mọ́ra, ó ya ẹyinjú sí i.

“Màmá, ẹ mọ asẹ́ ògì. Ojú ń ṣe omi kan nínú ara rẹ̀, omi náà sì ń gba inú nǹkan tó dà bí asẹ́ jáde. Bí asẹ́ bá dí, omi á pọ̀ jù, ìfúnpá á sì máa tẹ ẹ̀yìn ojú. Ẹ̀yìn yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ríran wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn na fọ́nrán kan gbọọrọ lọ sínú ọpọlọ. Fọ́nrán yẹn kì í ṣe òwú lásán. Òpó tíntìntín wà nínú rẹ̀, purotéènì ni ara fi kọ́ wọn. Àwọn òpó yìí ni kì í jẹ́ kí ó wó. Ara wọn náà ni oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ń gbà lọ, tó ń gbà bọ̀. Bí ìfúnpá bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, òpó á yẹ̀, oúnjẹ kò ní kọjá mọ́, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. Èyí tó bá kú kì í hù padà.”

Àwẹ̀ró ronú díẹ̀. “Ilé tí òpó rẹ̀ yẹ̀, ṣé a kì í fi òmíràn tì í ni?”

“Àwọn onímọ̀ ń wá bí wọn yóò ṣe mú òpó náà dúró kí ó má yẹ̀. Wọn kò tíì rí èyí tí mo lè kọ fún yín. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n dín ìfúnpá kù, kí èyí tó ṣẹ́kù má bàa lọ.” Ó yíjú sí Bridget. “Ìdí tí mo fi béèrè nípa oògùn, Nọ́ọ̀sì, ni pé bí èèyàn bá ń kán sitẹ́rọ́ọ̀dù sójú fún ìgbà pípẹ́, ó lè ṣe irú èyí. Purotéènì tó jẹ́ egungun fún àwọn sẹ́ẹ̀lì inú asẹ́ yẹn á lọ́ mọ́ra wọn, asẹ́ á sì le. Ṣùgbọ́n ẹ ní omi ni.”

Bridget mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà sì kọ oògùn mìíràn fún Àwẹ̀ró, èyí tí yóò máa kán láti dín ìfúnpá náà kù.

Nígbà tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, Àwẹ̀ró béèrè ìdí tó fi pe oògùn ní omi. Bridget ní ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ni, kí ẹ̀gbọ́n òun fi í sílẹ̀. “Ó dáa,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.” Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀ka, Bridget béèrè ìgo náà, ó ní ó ti kọjá ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lò ó, ó sì jù ú sínú àpò rẹ̀. Ó gbàgbé páálí rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fún Sàídì ní nǹkan gbé mọ́.

Mo ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́dún náà, ó sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́ ní yunifásítì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà, ó bi mí bóyá òpó inú sẹ́ẹ̀lì tó ti yẹ̀ lè dúró padà. Mo sọ ohun tí mo mọ̀. Nínú ojú àwọn eku tí wọ́n fi ń ṣèwádìí, àwọn kan ti rí i pé bí a bá mú kí purotéènì náà dúró ṣinṣin, sẹ́ẹ̀lì ojú máa ń pẹ́ kí ó tó kú. Mo ní ó dà bí ẹni pé òpó a máa yẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì tó kú, àti pé láàárín méjèèjì, sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣàìsàn ni, kò tíì lọ.

“Àyè díẹ̀ wà nígbà náà,” ni ó wí.

“Ó wà, bí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ bá kúrò.”

“Ó ti kúrò,” ni Bridget wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu pẹpẹ tó ti mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìfúnpá ojú Àwẹ̀ró kò wálẹ̀ rárá. Dókítà Ògúnwọlé wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Màmá, ẹ ò lo oògùn tí mo kọ fún yín.”

“Mò ń lò ó, Dókítà. Mi ò jẹ́ kí ó yẹ̀.”

“Bí ẹ bá ń lò ó, ó yẹ kó ti wálẹ̀. Bí ó bá ń lọ báyìí, iṣẹ́ abẹ ló kù. N kò sì lè ṣèlérí fún yín pé ojú òsì yóò dúró dè wá.”

Bridget gbọ́ ọ, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó rò pé bí a bá mú oògùn òun kúrò tí ìfúnpá kò sì wálẹ̀, a jẹ́ pé oògùn òun kọ́ ló fà á. Àrùn lásán ni, irú èyí tó lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ó sọ èyí fún mi lẹ́yìn náà, ó sì ní nínú gbogbo ohun tí òun ṣe, fífúyẹ́ tí ara òun fúyẹ́ lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí òun lè wo ojú ẹ̀gbọ́n òun.

Ìfúyẹ́ náà ni ó gbé e lọ sí Ọ̀ka láìròtẹ́lẹ̀. Ó ra ọṣẹ àti ẹja, ó sì gun ọ̀kadà ní àárọ̀ kùtùkùtù kí ó lè bá wọn kí wọ́n tó dáná. Nígbà tó yọ sí àtíbàbà, gbogbo wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbójú sókè. Rùkáyàt dúró níwájú wọn, ó mú ìgo kékeré kan dání. Àwẹ̀ró ni ó jókòó ṣáájú. Fatimah, ọmọ Rùkáyàt tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ni ó jókòó kẹ́yìn.

“Nọ́ọ̀sì dé,” ni Rùkáyàt wí. “Ẹ wá wò ó, ọwọ́ wa ti ba tuntun. Nígbà tí ẹ ní ọjọ́ ti àkọ́kọ́ ti kọjá, mo mú páálí rẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, mo fi hàn wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n sì fún mi ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. N kò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Ẹ wo ọjọ́ ara rẹ̀, ó ṣì kù púpọ̀.”

“Ti dókítà ni mò ń kán ṣáájú,” ni Àwẹ̀ró fi kún un. “Ó máa ń ta mí lójú. Bí ó bá gbẹ, Rùkáyàt á wá fi tìrẹ tù ú.”

Bridget gba ìgo náà, ó wò ó. Irọ́ kan tún wà létí ẹnu rẹ̀ tó rọrùn láti pa: ó lè sọ pé ayédèrú ni. Wọn ìbá gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà wọn ìbá mú páálí lọ wá ojúlówó.

“Ẹ má kán an mọ́,” ni ó wí. “Kò kọjá ọjọ́. Ti àkọ́kọ́ náà kò kọjá ọjọ́, mo parọ́ ni. Oògùn yìí ló ń dí asẹ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ń fi í ránṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mo sì ka ìwé inú rẹ̀ kí n tó fi í ránṣẹ́.”

Fatimah nìkan ló kọ́kọ́ mira. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú, bí ẹni pé èyí tí wọ́n kán lánàá ṣì lè nù kúrò.

“Ó wà lójú èmi náà?” ni Rùkáyàt béèrè.

“Ó wà.”

“Àti ọmọ mi?”

“Tirẹ̀ kò tíì pẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.”

Rùkáyàt jókòó. “Ẹ jókòó sí Ìkàrẹ́ nínú aṣọ funfun,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga, “ẹ ń fi mọ́tò kó ìfọ́jú ránṣẹ́ sí wa. Àwa sì ń ṣàdúrà fún yín. Ojoojúmọ́ ayé, kí a tó dáná.”

Àwẹ̀ró ní kí Bridget sún mọ́ òun, ó sì yí orí títí ó fi rí i tán.

“Ọjọ́ tí dókítà béèrè ohun tí mò ń kán, o ti mọ̀?”

“N kò tíì mọ̀ nígbà tó béèrè, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣàlàyé, mo mọ̀. Ó tún wojú mi, mo sì tún mi orí.”

“Mo rò pé ìwé àṣẹ lò ń dáàbò bò.”

“Rárá. Ó pè mí ní Nọ́ọ̀sì níwájú yín, ó gbé àga fún mi. N kò fẹ́ dìde lórí àga náà.”

“Èmi náà gbádùn àga náà,” ni Àwẹ̀ró wí. “Mo ní, ẹ wo ọmọ tí mo fi èéfín tọ́.” Ó dìde, ó ṣa igi. “Ẹ jẹ́ kí á dáná. Ẹ̀gẹ́ tí a ti fún kò ní dúró de ẹjọ́.”

Ní ọjọ́ kejì, Sàídì kó gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bridget kò wọ aṣọ funfun. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sọ orúkọ oògùn náà, ó sọ iye ọdún, ó sì sọ pé òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Dókítà Ògúnwọlé fi bírò rẹ̀ lélẹ̀.

“Mo bú màmá yìí pé wọn kò lo oògùn,” ni ó wí.

“Mo wà níbẹ̀, Dókítà.”

“Mo ti ń múra láti fi abẹ kan ojú wọn.”

“Mo mọ̀.”

Kò bá a wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ ojú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú Fatimah kò ní nǹkan kan. Ìfúnpá ojú Rùkáyàt ti lọ sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ṣì dúró. Dókítà ní bí ó bá fi oògùn náà sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí asẹ́ rẹ̀ là padà fúnra rẹ̀. Ti Àwẹ̀ró gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó wálẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n apá òsì tó ti ṣókùnkùn kò mọ́lẹ̀ mọ́, àti pé nígbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó rí i pé ó ti fẹ̀ díẹ̀ ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ìwọ̀nba tó fi fẹ̀ sí i yìí ni Bridget kì í lè gbé kúrò lọ́kàn. Èyí tó ṣáájú, ó lè pè é ní àìmọ̀kan, bí ó tilẹ̀ ka ìwé. Èyí tó tẹ̀ lé e, láti ọjọ́ tí ó ti mi orí, kò rí orúkọ tí ó lè fi bò ó.

Ó kó gbogbo irú oògùn náà kúrò lórí pẹpẹ. Bí oníbàárà bá mú páálí rẹ̀ wá, á ní kí onítọ̀hún lọ gba ìwé dókítà wá. Púpọ̀ nínú wọn máa ń rojú lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Bí wọ́n bá pè é ní Nọ́ọ̀sì, á sọ pé Bridget ni orúkọ òun.

Àwẹ̀ró kò fi iṣẹ́ gàrí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nídìí iná. Ẹ̀gẹ́ bíbó ni ó ń ṣe nísinsìnyí, níbi tí èéfín kì í dé. Bridget máa ń lọ sí Ọ̀ka ní ọjọ́ Àìkú láti wò ó. Nígbà kan tí mo bá a lọ, Rùkáyàt kí i, ó sì fún un ní omi mu, ṣùgbọ́n kò bá a tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí àkókò oògùn tó, Bridget fọ ọwọ́, ó mú ìgo tí dókítà kọ jáde, ó sì lọ dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwẹ̀ró kò gbójú sókè.

“Kí ni orúkọ rẹ̀?” ni ó béèrè.

Bridget sọ orúkọ rẹ̀.

“Kí ló ń ṣe?”

“Ó ń dín omi tí ojú ń ṣe kù, kí ìfúnpá má bàa gòkè.”

“Kí ni ìwé inú rẹ̀ wí?”

Bridget ṣí páálí náà. Ó tú ìwé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fo ibì kan. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ lé itan títí ó fi kà á tán. Lẹ́yìn náà ni ó tó gbójú sókè.